Bí Àwọn Àgbàlagbà Wa ní Amẹ́ríkà Ṣe Lè Dín Owó Òògùn Kù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn bàbá àti ìyá wa tí wọ́n ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí tí wọ́n ti kọjá bẹ́ẹ̀, ni a kọ èyí fún, àti àwọn ọmọ tí ń bá wọn lọ gba òògùn. Òfin Medicare, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, ni àwọn ìdáhùn náà dá lé. Níbi tí a bá ti dárúkọ iye owó, iye ti ọdún 2026 ni, àfi ibi tí a bá ti sọ ọdún mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú iye wọ̀nyí ni wọ́n ń tún ṣe lọ́dọọdún.

Kí ló dé tí òògùn kan náà fi ń ní oríṣiríṣi iye?

Ní Amẹ́ríkà, òògùn kò ní iye kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní iye tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á dúnàádúrà iye mìíràn, fámásì náà sì ní iye tí ó ń tà á fún ẹni tí kò ní ìnṣọ́ránsì rárá. Ètò ìnṣọ́ránsì kọ̀ọ̀kan tún máa ń pín òògùn sí ìpele: òògùn ìpele kìíní lè má gbà ju dọ́là mélòó kan lọ, nígbà tí èyí tó wà ní ìpele òkè lè gba ọgọ́rùn-ún dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ètò ní àwọn fámásì tí wọ́n yàn láàyò, tí owó òògùn máa ń dínkù níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ìdí nìyí tí ìyá méjì tí wọ́n jọ ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà, tí wọ́n sì jọ ń gbé àdúgbò kan náà, fi lè san iye tí kò jọra rárá.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dé iwájú apòògùn, ẹ bi í léèrè báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́, èló ni mo máa san tí mo bá lo ìnṣọ́ránsì mi, èló sì ni tí n kò bá lò ó?" Kí ó tó di ọdún 2018, àwọn àdéhùn kan wà tí kì í jẹ́ kí apòògùn sọ fún oníbàárà pé sísan owó lọ́wọ́ dínwó ju lílo ìnṣọ́ránsì lọ. Òfin àpapọ̀ méjì tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún náà fòpin sí i. Apòògùn lè sọ òótọ́ fún yín báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ béèrè, nítorí pé òfin náà kò sọ ọ́ di dandan fún un láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Bàbá mi ń gé òògùn rẹ̀ sí méjì kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ó léwu?

Ó léwu gan-an, ó sì wọ́pọ̀ ju bí àwọn ọmọ ti rò lọ. Àwọn àgbà wa kò fẹ́ di ẹrù sí ọmọ lọ́rùn. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ ń san owó ilé, ó ń san owó ilé-ìwé, nítorí náà wọ́n á dákẹ́, wọ́n á lo òògùn lónìí, wọ́n á sì fo ti ọ̀la. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni, kì í sì í kéde ara rẹ̀. Ẹni tó ń fo òògùn rẹ̀ lè rò pé ara òun le, títí rọpárọsẹ̀ á fi dé. Èyí tó burú jù ni òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi Eliquis tàbí Xarelto: bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège bá dá a dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ lè dì, kó sì lọ dí iṣan inú ọpọlọ.

Ọ̀nà tí ọmọ lè gbà mọ̀ ni pé kí ó wo ike òògùn náà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ike, iye hóró tó wà nínú rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gba òògùn ọgbọ̀n ọjọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá, tí ìdajì rẹ̀ sì ṣì wà nínú ike lónìí, ẹ ti rí ìdáhùn láìjẹ́ pé ẹ fi ìbéèrè dójú ti bàbá. Ẹ má bínú sí wọn. Ẹ pe dókítà, kí ẹ sọ fún un ní gbangba pé owó ni kò jẹ́ kí wọ́n lo òògùn náà bó ti yẹ. Ọ̀pọ̀ dókítà ni kò mọ iye tí òògùn tí wọ́n kọ ń gbà lọ́wọ́ aláìsàn. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n lè kọ òmíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Gígé òògùn tó bójú mu wà, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí èyí tí a ń sọ yìí. Nígbà mìíràn, hóró tó lágbára ìlọ́po méjì kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ju kékeré lọ, dókítà sì lè kọ ńlá náà kí aláìsàn máa gé e sí méjì, kí ó máa lo ìdajì rẹ̀ lójúmọ́. Iye òògùn tó ń wọ ara kò yí padà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ lẹ́nu apòògùn ná, nítorí pé àwọn òògùn kan wà tí wọ́n ṣe láti máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara fún wákàtí púpọ̀, tí wọn yóò sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí a bá gé wọn.

Kí ni Part D, ta ló sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i?

Part D ni apá Medicare tó ń bá èèyàn san owó òògùn tí dókítà kọ. Ọdún 2003 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2006. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì aládàáni ló ń ṣe é lábẹ́ òfin ìjọba. Ẹni tó bá ti ní Part A (apá Medicare fún ilé ìwòsàn) tàbí Part B (apá fún dókítà àti àyẹ̀wò) lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ̀ ọ́ ní ètò òògùn nìkan; ẹni tó bá sì ní méjèèjì tún lè rí i nínú ètò Medicare Advantage tó kó ilé ìwòsàn, dókítà àti òògùn pọ̀.

Bí ẹ bá lẹ́tọ̀ọ́ sí i tí ẹ kò wọ̀ ọ́, tí ẹ kò sì ní ìnṣọ́ránsì òògùn mìíràn tó dára tó o, ìtanràn wà. Fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi pẹ́, wọ́n á fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là 38.99 kún owó oṣooṣù yín. Ẹni tó pẹ́ ní ogún oṣù yóò máa san nǹkan bíi dọ́là 7.80 lé owó rẹ̀ lóṣooṣù ní ọdún yìí, ìtanràn náà kì í sì í sábà kúrò níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà nínú Part D. Nítorí náà, ẹni tí kò tíì máa lo òògùn kankan pàápàá lè rí èrè nínú kí ó mú ètò tí owó oṣù rẹ̀ kéré jù.

Màmá mi wá pẹ̀lú green card ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọn kò sì ṣiṣẹ́ níbí rí. Ṣé wọ́n lè rí Medicare?

Ìbéèrè yìí kan ọ̀pọ̀ ẹbí wa, ìdáhùn tí kò péye sì pọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kò lè rí Medicare láéláé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 65, tó ní green card, tó sì ti gbé ní Amẹ́ríkà fún ọdún márùn-ún láì dáwọ́ dúró, lè rà á. Iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá, ti ara ẹni tàbí ti ọkọ tàbí aya, ló ń sọ Part A di ọ̀fẹ́. Bí kò bá sí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Part A lè gba dọ́là 565 lóṣù, ẹbí á sì gbọ́ iye yẹn, wọ́n á yí padà sílé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé Part B ṣeé mú láìmú Part A. Dọ́là 202.90 lóṣù ni iye tó wọ́pọ̀ fún Part B, ó sì ń bá èèyàn san owó dókítà àti àyẹ̀wò. Nígbà tí ẹni náà bá ti wà nínú Part B, ilẹ̀kùn Part D ti ṣí fún un. Kì í ṣe owó kékeré, ṣùgbọ́n fún ìyá tó ń lo òògùn àtọ̀gbẹ, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti òògùn ọkàn, ẹ fi wé iye tí ẹ ń ná lọ́wọ́lọ́wọ́ kí ẹ tó kọ̀ ọ́. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ yín nípa Medicare Savings Program, tó lè máa san owó Part B fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré. Ẹ kọ ọjọ́ tí ọdún márùn-ún náà yóò pé sórí kàlẹ́ńdà láti ìsinsìnyí, kí ẹ sì lọ bá Social Security, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ èèyàn sílẹ̀ fún Medicare, ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, nítorí Part B náà ní ìtanràn fún ẹni tó bá pẹ́.

Ẹni tí kò ní green card, ṣùgbọ́n tó wà níbí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní ààbò, gbọ́dọ̀ tètè wá ìmọ̀ràn. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2025 ti dín irú àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí Medicare kù, àwọn kan tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì lè pàdánù rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2027. Ọmọ onílùú àti ẹni tó ní green card kò sí nínú àwọn tí òfin náà yọ.

Kí la lè ṣe kí ọdún márùn-ún náà tó pé, tàbí tó bá jẹ́ pé ìbẹ̀wò ni àwọn òbí wá ṣe?

Ẹ wá ilé ìwòsàn àdúgbò tí ìjọba àpapọ̀ ń ràn lọ́wọ́, èyí tí ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn gẹ́gẹ́ bí owó tó ń wọlé fún un ti mọ. Wọn kì í lé èèyàn padà nítorí pé kò lówó lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń rí òògùn rà ní ẹ̀dínwó fún aláìsàn wọn. Ẹ lè fi àdírẹ́sì yín wá èyí tó sún mọ́ yín ní findahealthcenter.hrsa.gov.

Fún òògùn tó wọ́pọ̀, Walmart ní àkọsílẹ̀ òògùn jẹnẹ́ríìkì (èyí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, tó ní èròjà kan náà pẹ̀lú òògùn olórúkọ) tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba dọ́là 4 fún ọgbọ̀n ọjọ́ àti dọ́là 10 fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, láìlo ìnṣọ́ránsì. Káàdì ẹ̀dínwó bíi GoodRx ṣeé gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì lè fi wo iye tí fámásì kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò yín ń gbà kí ẹ tó jáde nílé. Cost Plus Drugs, fámásì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Mark Cuban wà nídìí rẹ̀, ń fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé iye tó ra òògùn, lẹ́yìn náà ló ń fi owó iṣẹ́ àti owó ìfiránṣẹ́ kún un.

Àwọn òbí tí ń bọ̀ láti Nàìjíríà fún ìbẹ̀wò gbọ́dọ̀ gbé òògùn wọn wá nínú ike tàbí páálí tí wọ́n fi tà á gan-an, pẹ̀lú ìwé dókítà, kí ó má sì ju ti àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ. Ẹ má ṣe tú u sínú ọ̀rá.

Ṣé òótọ́ ni pé iye tí èèyàn lè san lọ́dún ti ní òpin báyìí?

Òótọ́ ni, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àyípadà tó tóbi jù láti ìgbà tí Part D ti bẹ̀rẹ̀. Òfin tí Ààrẹ Joe Biden fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ló mú un wá. Ní ọdún 2025, òpin náà jẹ́ dọ́là 2,000. Ní ọdún 2026, ó jẹ́ dọ́là 2,100. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ètò kan lè ní kí ẹ kọ́kọ́ dá gbé owó òògùn fúnra yín títí dé dọ́là 615, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ètò kan kì í béèrè tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ óò máa san ìpín tiyín, tó jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ní ètò tí òfin là kalẹ̀. Nígbà tí ó bá pé dọ́là 2,100, ẹ kò ní san kọ́bọ̀ mọ́ lórí òògùn tí ètò yín gbà títí ọdún á fi parí.

Owó oṣooṣù tí ẹ ń san fún ètò náà kò sí nínú ìṣirò yìí. Bákan náà, òògùn tí ètò yín kò gbà, tàbí èyí tí ẹ fi káàdì ẹ̀dínwó rà láìlo ìnṣọ́ránsì, kì í sábà wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí òògùn rẹ̀ wọ́n, tó mọ̀ pé òun yóò kan òpin náà kí ọdún tó jìnnà, kò gbọ́dọ̀ máa rà á láìlo ìnṣọ́ránsì nítorí ẹ̀dínwó kékeré.

Ní oṣù Kìíní, owó tí wọ́n ní kí n san ní fámásì pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé kò sí ọ̀nà láti pín in?

Ó wà. Medicare Prescription Payment Plan bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2025, gbogbo ètò Part D ló sì gbọ́dọ̀ ní in. Bí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín, ẹ kò ní san nǹkan ní fámásì. Ilé-iṣẹ́ náà ni yóò máa fi ìwé owó ránṣẹ́ sí yín lóṣooṣù, láìsí èlé. Ẹni tí ìpín tirẹ̀ bá ti pé dọ́là 2,100 ní oṣù Kìíní lè máa san dọ́là 175 lóṣù dípò kí ó wá gbogbo rẹ̀ lójọ́ kan. Ètò yìí kò dín owó náà kù, ó kàn ń pín in ni. Bí òògùn yín kò bá wọ́n, tàbí bí ọdún bá ti ń parí lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

Kí ni Extra Help?

Bí ẹ kò bá ka ibòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibi yìí dáadáa. Extra Help ni ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ẹni tó wà nínú Medicare tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀. Ó ń san owó oṣooṣù Part D fún wọn ní àwọn ètò kan, ó ń mú owó tí èèyàn ń dá gbé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kúrò, ó sì ń mú ìtanràn ẹni tó pẹ́ kúrò. Lẹ́yìn èyí, òògùn jẹnẹ́ríìkì kan kì í gbà ju dọ́là 5.10 lọ, òògùn olórúkọ kì í sì í gbà ju dọ́là 12.65 lọ. Ó dùn mí púpọ̀ bí àwọn àgbà wa tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i bá fi í sílẹ̀ nítorí pé wọ́n kà á sí ìtìjú láti béèrè.

Owó tó ń wọlé fún ẹni tó dá wà gbọ́dọ̀ kéré sí dọ́là 23,940 lọ́dún. Ti tọkọtaya, dọ́là 32,460. Ohun ìní náà ní òdiwọ̀n: dọ́là 18,090 fún ẹnì kan, dọ́là 36,100 fún tọkọtaya. Bí owó yín bá fi díẹ̀ kọjá ibẹ̀, ẹ ṣì béèrè, nítorí pé wọn kì í ka apá kan nínú owó tí èèyàn fi iṣẹ́ rí.

Wọn kì í ka ilé tí ẹ ń gbé, wọn kì í ka ọkọ̀, wọn kì í ka ẹrù inú ilé. Wọn kì í sì í ka oúnjẹ tí ọmọ ń rà sílé tàbí owó iná tí ọmọ ń bá yín san. Ṣùgbọ́n owó tó wà ní báńkì wà nínú rẹ̀, ilé mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń gbé sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ́ ilé sílẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo kí a tó wá. Bí wọ́n bá béèrè, ẹ sọ òótọ́. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹbí tí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún olùdámọ̀ràn kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, nítorí pé bí a ṣe ń jogún ilé lọ́dọ̀ wa kò bá fọ́ọ̀mù náà mu tààrà.

Social Security ni wọ́n ti ń béèrè fún un, lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ssa.gov tàbí lórí fóònù ní 1-800-772-1213. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó wà nínú Medicare tó bá tún ní Medicaid (ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré), SSI (owó ìrànwọ́ oṣooṣù ìjọba fún àgbàlagbà tí kò lówó) tàbí Medicare Savings Program máa ń rí i láìbéèrè. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ fún yín, ẹ lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ẹ sì lè tún béèrè bí nǹkan bá yí padà.

Èló ni insulin àti àjẹsára?

Insulin tí ètò Part D gbà kò gbọ́dọ̀ ju dọ́là 35 lọ fún oṣù kan. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2023. Àjẹsára tí ìjọba dámọ̀ràn fún àgbàlagbà lábẹ́ Part D, títí kan ti shingles (àrùn tó ń sú sára tó sì ń dunni), kò gba kọ́bọ̀.

Wọ́n ní ìjọba ti dúnàádúrà owó àwọn òògùn kan. Èwo ni?

Òògùn mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni iye tuntun wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026: Eliquis, Xarelto, Januvia, Jardiance, Farxiga, Entresto, Enbrel, Imbruvica, Stelara, àti insulin ìdílé NovoLog àti Fiasp. Eliquis ti oṣù kan, tí iye àkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 521 ní ọdún 2023, ti di dọ́là 231. Januvia kúrò ní dọ́là 527, ó di 113. Iye tí Medicare fẹnu kò lé lórí nìyí, kì í ṣe iye tí ẹ̀yin máa san ní fámásì. Ìpín tiyín nínú rẹ̀ lẹ máa san. Òògùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn, tí Ozempic wà nínú wọn, yóò tẹ̀lé e ní ọdún 2027.

Apòògùn fún mi ní òògùn tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ó ní jẹnẹ́ríìkì ni. Ṣé kì í ṣe ayédèrú?

Ìfòyà yìí ní ìdí. Ẹni tó ti ra òògùn ní Nàìjíríà rí mọ ohun tí ayédèrú lè ṣe, ó sì mọ ìdí tí a fi ń wá nọ́ńbà NAFDAC lára páálí kí a tó sanwó. Ṣùgbọ́n jẹnẹ́ríìkì kì í ṣe ayédèrú. FDA, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàkóso òògùn ní Amẹ́ríkà, kì í fọwọ́ sí jẹnẹ́ríìkì àfi bí èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti olórúkọ, tí agbára wọn sì dọ́gba. Àwọ̀, bó ṣe rí, àti èròjà tí wọ́n fi dì í pọ̀ ló lè yàtọ̀. Amlodipine ni Norvasc, atorvastatin ni Lipitor, metformin ni Glucophage. Owó rẹ̀ kéré nítorí pé ẹ̀tọ́ àdáni ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe é ti parí, tí àwọn mìíràn sì ti ń ṣe é, kì í ṣe nítorí pé wọ́n bù ú.

Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: kí ẹ má lo olórúkọ tó kù nílé àti jẹnẹ́ríìkì tuntun pọ̀, kí ẹ rò pé òògùn méjì ni. Ẹ ka orúkọ wọn sí apòògùn létí.

Ṣé ó yẹ kí n máa yí ètò Part D mi padà lọ́dọọdún?

Kò pọn dandan kí ẹ yí i, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá títí di ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ni wọ́n ń ṣí i sílẹ̀. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, ètò yín á ti fi ìwé ránṣẹ́ nípa ohun tí yóò yí padà lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwé yẹn kì í dára lójú, ó gùn, àwọn àgbà sì máa ń jù ú sínú àpótí pẹ̀lú àwọn ìwé ìpolówó. Inú rẹ̀ gan-an ni ẹ ti máa mọ̀ bí òògùn yín bá ti kúrò nínú àkọsílẹ̀ tàbí bí wọ́n bá ti gbé e sí ìpele tó wọ́n.

Kí ọmọ jókòó ti àwọn òbí ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá. Ẹ kó gbogbo ike òògùn sórí tábìlì, ẹ ṣí Medicare.gov, kí ẹ tẹ orúkọ òògùn kọ̀ọ̀kan, agbára rẹ̀ àti iye ìgbà tí wọ́n ń lò ó lójúmọ́, bó ṣe wà lára ike gẹ́lẹ́, pẹ̀lú fámásì tí wọ́n ń lọ. Ẹ má wo owó oṣooṣù nìkan. Ètò tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ òfo lè gba owó gọbọi lórí òògùn. Àpapọ̀ owó gbogbo ọdún ni kí ẹ fi wé ara wọn. Ní ojú ibẹ̀ kan náà, ẹ wo bóyá gbígba òògùn àádọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí gbígbà á lọ́wọ́ fámásì tó ń fi òògùn ránṣẹ́ sílé, yóò dín owó náà kù.

Ètò mi kọ̀ láti sanwó òògùn tí dókítà kọ. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Kò tíì parí. Ẹ ní kí dókítà kọ̀wé sí ètò náà pé òògùn yìí gan-an lẹ nílò, kí ó sì sọ ìdí tí èyí tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ kò fi bá ara yín mu. Lẹ́yìn tí ìwé dókítà bá dé ọwọ́ wọn, wákàtí 72 ni òfin fún wọn láti dáhùn, tàbí wákàtí 24 bí dókítà bá sọ pé ìdádúró lè ṣe yín ní jàǹbá. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ètò tuntun tún lẹ́tọ̀ọ́, láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ àkọ́kọ́, láti gba òògùn oṣù kan nínú èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀ bí ètò náà kò tilẹ̀ gbà á.

Òògùn màmá mi pọ̀ jù. Ṣé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n nílò?

Ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Dókítà ọkàn kọ tirẹ̀, dókítà oríkèé kọ tirẹ̀, ẹni tó tọ́jú wọn ní ilé ìwòsàn lọ́dún tó kọjá náà kọ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ jọ wò. Nígbà mìíràn òògùn kan ló ń bí òmíràn. Ẹ wo amlodipine: ó lè mú kí ẹsẹ̀ wú. Bí dókítà mìíràn bá rí ẹsẹ̀ tó wú náà, tí kò sì béèrè ohun tó fà á, ó lè kọ òògùn tó ń mú èèyàn tọ̀. Ìtọ̀ yẹn á fa potassium kúrò lára, wọ́n á tún kọ hóró potassium lé e. Màmá ti ń san owó òògùn mẹ́ta báyìí, nígbà tí ó jẹ́ pé pípààrọ̀ ẹyọ kan lè tó.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, títí kan fítámì àti àgbo, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà àgbà tàbí apòògùn, kí ẹ bi í pé: "Èwo ni mo ṣì nílò nínú ìwọ̀nyí, èwo la sì lè dá dúró?" Medicare ń san owó ìbẹ̀wò ìlera kan lọ́dọọdún láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ó sì jẹ́ àyè tó dára fún ìbéèrè yìí. Ẹ má fi àgbo pamọ́ nítorí ìtìjú. Àwọn ewé àti egbò kan máa ń bá òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì jà, àwọn mìíràn sì ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lé ti òògùn lórí. Ẹ má sì dá òògùn kankan dúró fúnra yín kí dókítà tó fọwọ́ sí i.

Ǹjẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe òògùn lè ràn wá lọ́wọ́?

Káàdì ẹ̀dínwó tí wọ́n ń polówó lórí tẹlifíṣọ̀n kò wà fún ẹni tó ń lo Medicare láti ra òògùn náà. Òfin àpapọ̀ kò gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní ètò mìíràn tí wọ́n fi ń fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ní òògùn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan nínú wọn sì ń gba ẹni tó wà nínú Medicare. Fọ́ọ̀mù wà fún ẹ̀yin, ọ̀kan sì wà fún dókítà láti kọ.

Ṣé ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní ìrànwọ́?

Àwọn kan ní in. Ní New York, EPIC wà fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 65 tí owó rẹ̀ kò ju dọ́là 75,000 lọ lọ́dún, tàbí dọ́là 100,000 fún tọkọtaya. Ní New Jersey, PAAD ń jẹ́ kí èèyàn san dọ́là 5 lórí jẹnẹ́ríìkì àti dọ́là 7 lórí òògùn olórúkọ. Ní Pennsylvania, owó lọ́tìrì ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe PACE.

Ta la lè bá sọ̀rọ̀ tí kò ní ta nǹkan fún wa?

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àwọn olùdámọ̀ràn SHIP, tí ìjọba ń gbọ́ bùkátà wọn. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ yín, wọn kì í sì í jẹ èrè lórí ètò tí ẹ bá mú. Wọ́n á bá yín wo àkọsílẹ̀ òògùn, wọ́n á sì bá yín kọ fọ́ọ̀mù Extra Help. Ẹ lè pe 1-800-MEDICARE, ìyẹn 1-800-633-4227, kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ti ìpínlẹ̀ yín. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò bá rọ bàbá tàbí màmá lọ́rùn, kí wọ́n sọ pé Yorùbá ni àwọn ń sọ; ògbufọ̀ ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa wá fún wọn.

Ẹni tó bá ṣàdédé pè yín lórí fóònù, tó ní òun ń pè láti Medicare, tó sì ń béèrè nọ́ńbà ara káàdì yín, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Medicare kì í ṣàdédé pe èèyàn láti béèrè nọ́ńbà rẹ̀ tàbí láti ta ètò fún un. Bí ẹ bá ti fún wọn tẹ́lẹ̀, ẹ pe 1-800-MEDICARE lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n lè bá yín pààrọ̀ káàdì.